Mo Parọ́ fún Ọ Lórí Fóònù

Adó-Èkìtì

Bùnmi ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù Kánádà o. Níbí, ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti ń là.

O bi mí lọ́jọ́sí bóyá mo ti padà sídìí ijó dáadáa, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni. Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà nìyẹn, torí tí mo bá tún gbọ́ ohùn rẹ, màá tún parọ́.

O rántí pé ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún mi rọ́ lóṣù kẹjọ, nígbà ọdún Ùdírókò. Bàbá tó ń to eegun fi òrí ra á, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mo ti ń rìn geere. Èmi ọ̀kánjúwà, ọjọ́ tí mo padà gan-an ni mo jó bàtá fún wákàtí méjì gbáko lórí sìmẹ́ǹtì, láìwọ bàtà.

Ọrùn ẹsẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ló mú, lókè ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò. Lákọ̀ọ́kọ́, tí mo bá jó tán ló máa ń dùn mí. Nígbà tó yá, bí mo ṣe ń jó lọ́wọ́. Nígbà tó tún yá, á máa ro mí lóru títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọ̀gá wa ní ọ̀lẹ ló ń ṣe mí. Mọ́mì ní omi gbígbóná Ìkógòsì ló máa ṣe é. A lọ. Níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé yẹn, mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ títí awọ rẹ̀ fi hun jọ. Ó tù mí lára, mi ò purọ́, ṣùgbọ́n ká tó délé ó tún ti bẹ̀rẹ̀.

Ọsibítù àkọ́kọ́ ya X-ray, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà mo lọ sí òmíràn. Dókítà yẹn kò tiẹ̀ tíì wo fọ́tò tí mo mú dání. Ìka kan ló fi ń tẹ ẹsẹ̀ mi kiri, bí ẹni ń yan ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́jà, títí ó fi tẹ ojú ibẹ̀. Igbe tí mo ké! Ó ní eegun ló sán, pé irú rẹ̀ kì í sábà hàn nínú X-ray lọ́sẹ̀ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, àfi tí eegun tuntun bá ń hù yí i ká. A ya òmíràn, ó sì wà níbẹ̀, bíi kókó ara igi.

Eegun tó ti sinmi pẹ́, agbára rẹ̀ ti dín kù. Mo sì dédé kó gbogbo ijó lé e lórí. Ohun tí mi ò retí ni dókítà wá bi mí: “Ṣé o ń jẹun? Nǹkan oṣù rẹ ńkọ́?” Ojú tì mí. Látìgbà tí wọ́n ti ní mo sanra nígbà tí mo jókòó sílé, gààrí ni mò ń mu ṣáá. Oṣù mẹ́ta ni mi ò ti rí nǹkan oṣù mi. Ó ní ara tí kò bá róúnjẹ, inú eegun ló ti ń yá a. Ọmọ Èkìtì tó ń sá fún iyán! Mọ́mì gbọ́, ó di ọ̀rọ̀ gbogbo ilé.

Bàtà líle kan ló wà lẹ́sẹ̀ mi báyìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni, mo ti lo méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ìrìn ni màá kọ́kọ́ máa rìn, kí n tó máa jó díẹ̀díẹ̀.

Lálẹ́ àná wọ́n ń lu bàtá níbi ìgbéyàwó kan lẹ́yìn ilé wa. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń fi èjìká jó. Mọ́mì yọjú, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó rí i pé kò mira, ó padà lọ.

Má sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ o.

Èmi ni,
Dúpẹ́