Kò Sógun ní Calgary o

Àṣàkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Tí o bá gbọ́ pé ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Calgary wa ní Kánádà níbí, irọ́ ni o. Màmá mi ló ń sọ ọ́ kiri Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Ìbejì ńkọ́? Eyín Táíwò ńkọ́, ṣé ó ti hù padà? Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tẹnu mi ná, ọ̀rọ̀ yìí ò lè dúró de ìgbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá dáa.

Màmá ló pè mí lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ní báwo la ṣe ń ṣe é pẹ̀lú òtútù. Mo ní, "Màmá, ẹ má ṣèyọnu, Chinook ti dé lánàá, ara ti tù wá." Afẹ́fẹ́ gbígbóná kan tó máa ń fẹ́ níbí ni mò ń wí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ni wọ́n bá lọ bá ọmọ Bọ̀dá Mẹkáníìkì pé kó bá àwọn wo Chinook nínú fóònù. Kí lọmọ rí? Hẹlikọ́pítà ológun gbọ̀ọ̀rọ̀ kan, abẹ̀bẹ̀ ńlá kan níwájú, òmíràn lẹ́yìn, tí àwọn ṣọ́jà ń tú jáde nídìí rẹ̀. Màmá ní àṣé ìdí tí ara fi tu ọmọ òun nìyẹn, ṣọ́jà ló wá gbà wá sílẹ̀! Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, orúkọ mi ti wọ ìwé àdúrà ìjọ. Àwọn ìyá ìjọ gbààwẹ̀ lé e. Àwa yìí náà, tí wọ́n lé jáde nínú kóòrù.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà tí mo wá fẹ́ ṣàlàyé ni mo rí i pé kò rọrùn. Níbí, gbogbo nǹkan ló ń jẹ́ Chinook. Ibi tí mo ti ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ń jẹ́ Chinook. Ilé ìtajà ńlá tí kò jìnnà síbẹ̀ ń jẹ́ Chinook Centre. Ẹja tí mo fi se ọbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, Chinook ni, nínú gbogbo sámọ́ọ̀nù inú Òkun Pàsífíìkì òun ló tóbi jù. Wọ́n ní ajá kan tún wà tó ń jẹ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Jámánì ní irú afẹ́fẹ́ yẹn tó ń ti orí òkè Alps sọ̀ kalẹ̀ ń jẹ́ Föhn lọ́dọ̀ tiwọn, orúkọ yẹn náà ni wọ́n sì ń pe ẹ̀rọ tá a fi ń gbẹ irun. Ìyẹn ṣì yéèyàn, afẹ́fẹ́ gbígbóná ṣáà ni méjèèjì. Èmi wá ń sọ fún Màmá pé mo jẹ Chinook, mo bọ́ sílẹ̀ ní Chinook, Chinook sì tún gbá fìlà lórí mi. Wọ́n ní kí n lọ sùn.

Afẹ́fẹ́ ni o, Àṣàkẹ́, afẹ́fẹ́ lásán. Láti Òkun Pàsífíìkì ló ti ń bọ̀, pẹ̀lú omi nínú. Tó bá kan àwọn òkè Rocky, àfi kó gùn wọ́n. Bó ṣe ń gòkè ló ń tutù, tó ń da omi inú rẹ̀ sí apá ọ̀hún, lójò àti ní yìnyín. Ìgbà tó bá fi dé góńgó òkè, ó ti gbẹ. Ó wá ń sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ wa, bó ṣe ń sọ̀ ló ń móoru, bíi 10 °C fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. O máa kọ́kọ́ rí ìkùukùu tó tẹ̀ kọrọdọ lápá ìwọ̀-oòrùn, tí ojú sánmà tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́ kedere. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, bàtà onírun ni mo wọ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ìbọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo imú mi le gbagidi. Ìgbà tí mo máa jáde lọ́sàn-án, omi ń ṣàn létí títì, yìnyín ń já bọ́ látorí òrùlé, òyìnbó kan sì wọ ṣòkòtò péńpé, ó ń lá áísìkiriìmù. Ètè mi ya bíi ti inú ọyẹ́. Tó bá sì dalẹ́ tí òtútù bá padà, gbogbo omi yẹn á di gíláàsì lójú títì, kóníkálukú máa yọ̀ ṣubú.

Bàbá Tóbi ní eré ni tiwa. Ó ní ní ìlú Spearfish ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 22 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1943, láàárín ìṣẹ́jú méjì, ojú ọjọ́ fò láti -20 °C sí 7 °C. Kí ọjọ́ tó lọ jìnnà ó tún já padà, fèrèsé onígíláàsì ń sán.

Orí mi ni kò fẹ́ràn rẹ̀. Kó tó dé rárá, ẹ̀gbẹ́ ojú mi òsì á ti máa lù kì-kì-kì. Bàbá Tóbi ní mo ju wòlíì lọ, pé kí n lọ dá ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Àwọn dókítà ìlú yìí ti ṣèwádìí rẹ̀, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2000: afẹ́fẹ́ yìí máa ń fa ẹ̀fọ́rí túúlu fáwọn kan. Wọ́n ti fún mi lóògùn. Má sọ fún Màmá.

Ṣùgbọ́n Màmá bi mí ní nǹkan kan tó wọ̀ mí lára. Wọ́n ní, "Ta ni Chinook?" Èèyàn ni wọ́n, Àṣàkẹ́. Ẹnu odò Columbia ni ilẹ̀ wọn, létí Pàsífíìkì. Àwọn òyìnbó oníṣòwò kọ́ odi sí Astoria níbẹ̀ lọ́dún 1811, wọ́n sì fi orúkọ wọn pe afẹ́fẹ́ tó ń ti apá abúlé wọn fẹ́ wá. Afẹ́fẹ́ olómi nìyẹn tẹ́lẹ̀, ìgbà tí orúkọ náà tẹ̀ lé òyìnbó wọ àárín ilẹ̀ ló di ti èyí tó gbẹ. Èdè òwò tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, bíi Pijin tiwa, orúkọ wọn náà ló jẹ́. Ìjọba Amẹ́ríkà buwọ́ lu ìwé lóṣù kìíní ọdún 2001 pé àwọn mọ̀ wọ́n ní ẹ̀yà, nígbà tó di 2002 wọ́n gbà á padà. Ẹ gba orúkọ wọn fẹ́ja, ẹ gbà á fún bàálù ogun, ẹ wá ní ẹ ò mọ̀ wọ́n. Ìwà wo nìyẹn?

Tóbi ti wọ yunifásítì, ilé tá a fẹ́ rà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, mo sì ti kúrò níbi tí wọ́n ti ń jẹ owó mi. Ó tán.

Ní ti Màmá, gbogbo àlàyé yìí yé wọn lọ́jọ́ Àìkú. A jọ rẹ́rìn-ín ni. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun wọ́n pè, wọ́n ní ṣé àwọn ṣọ́jà ti lọ. Mo rò pé àwàdà ni. Mo tún ṣàlàyé. Wọ́n ní, "Ó yé mi, Ìyábọ̀." Ìyábọ̀, Àṣàkẹ́. Ìwọ náà wà níbi tá a ti sin àǹtí yẹn.

Jọ̀ọ́, láti Ìbàdàn sí Ìjẹ̀bú-Òde ò jìnnà. Bá mi lọ wò wọ́n. Má sọ pé èmi ni mo rán ọ, ní o kàn ń kọjá lọ ni. Fọgbọ́n wo páálí òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, bóyá ó ń dín. Wọ́n á fẹ́ se ìkọ́kọrẹ́ fún ọ. Jẹ́ kí wọ́n sè é, jókòó tì wọ́n ní kíṣìnì, kí o wò ó bóyá wọ́n gbàgbé nǹkan kan tàbí wọ́n fi iyọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì. Tí wọ́n bá bi ọ́ nípa ogun, má bá wọn jiyàn. Ohun tó o bá rí gan-an ni kó o sọ fún mi, má fi bò.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ yín ni aago mẹ́jọ àárọ̀ wa, àmọ́ ìgbàkígbà tó o bá kúrò níbẹ̀ ni kó o pè, bó tilẹ̀ jẹ́ òru níbí. Mo ti fi owó mọ́tò sínú àkáǹtì rẹ, má bá mi jà lórí ẹ̀.

Èmi ni,
Àdùkẹ́