Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ nípa ọkùnrin tó ta nǹkan ìṣeré

Peckham, Lọ́ńdọ̀nù
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀ díẹ̀? Bá mi kí wọn, kí o kúnlẹ̀ kí wọn fún mi. Àwa náà wà níbí, òtútù ò jẹ́ ká sinmi, àmọ́ a dúpẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà nígbà àkọ́kọ́, ariwo ò jẹ́ kí n gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà kejì, mo gbọ́ ibi tí o ti sọ pé ẹni tó bá ra bẹ́ẹ̀dì ọmọ lọ́wọ́ rẹ, ó di ìgbà tó bá tún lóyún kí o tó fojú kàn án. Ìgbà kẹta ni mo tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ bá ọ dówó pọ̀, tó ní kí ẹ fi ìsọ̀ yẹn dógò ní báńkì, kí ẹ fi kó nǹkan ìṣeré wálé de Kérésì. Èyí ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo fẹ́ fi ohùn dáhùn, mo rí i pé yóò gùn jù, ni mo bá mú bírò.

Bí o ṣe sọ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì yẹn gan-an ni ọkùnrin kan ṣe rí i ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó bí èmi àtìwọ. Charles Lazarus lorúkọ rẹ̀. Ṣé o rántí ṣọ́ọ̀bù ńlá tí mo mú ọ lọ ní Old Kent Road lọ́dún tí o wá kí wa? Èyí tí Káyọ̀dé ọmọ mi ti sá mọ́ wa lọ́wọ́, tí a wá a títí kí a tó bá a níwájú àwọn kẹ̀kẹ́, tó ń fọwọ́ yí táyà ọ̀kan ṣáá, tó lóun ò lọ sílé mọ́? Toys "R" Us nìyẹn. Lazarus ló dá a sílẹ̀.

Ìlú Washington ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1923. Bàbá rẹ̀ máa ń ra kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́, á tún un ṣe, á sì tà á. Ọmọ bi bàbá léèrè pé kí ló dé tí wọn ò ta tuntun. Bàbá ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá ń tà á ní owó tí àwọn ò lè bá wọn dù. Ìdáhùn yẹn wọ ọmọ náà lọ́kàn, nítorí gbogbo ohun tó ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, bí ẹni tó fẹ́ gbẹ̀san fún bàbá rẹ̀ ló rí lójú mi: òun fúnra rẹ̀ ló wá di ṣọ́ọ̀bù ńlá.

Ó lọ sógun, wọ́n fi í sídìí iṣẹ́ àrokò. Nígbà tó dé, gbogbo àwọn tó bá a ti ogun bọ̀ ló ń gbéyàwó, ọmọ ń ya bí òjò. Lọ́dún 1948 ó sọ ibi tí bàbá rẹ̀ ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe di ìsọ̀, ó pè é ní Children's Bargain Town. Ẹrù ọmọ tuntun ló ń tà níbẹ̀, bíi tìrẹ. Kò pẹ́ tí àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí béèrè bóyá kò ní nǹkan tí ọmọ lè fi ṣeré. Ó ra díẹ̀ sí i. Ibẹ̀ ló ti là á lójú. Bẹ́ẹ̀dì kì í gbó bọ̀rọ̀. Tí àbúrò bá dé, inú bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n ni wọ́n á tẹ́ ẹ sí. Àmọ́ nǹkan ìṣeré, ọmọ á fọ́ ọ, á tú u wò, á sọ ọ́ nù lójú títì, tí kò bá sì ṣe ọ̀kankan nínú wọn, á dàgbà kọjá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ á padà wá.

Èmi tí mo ti ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ìgbowó láti ọdún mọ́kànlá, mo lè búra sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan wọlé wá, ó mú mọ́tò pupa kékeré kan dání, táyà iwájú kan ti yọ, ó we táyà náà mọ́ inú bébà. Kò wá bínú o. Ó gbé e síwájú mi, ó ní ọmọ òun ò jẹun láti àná, irú ẹ̀ gan-an lóun fẹ́, pupa, kò gbọdọ̀ jẹ́ búlúù. Ó ra méjì, ó lóun á tọ́jú ọ̀kan pa mọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti mú ìbọ̀sẹ̀, ó ti mú bisikíìtì, ó ti mú káàdì ọjọ́ ìbí ọmọ ẹlòmíì. Mọ́tò kékeré tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan ló kó gbogbo ìyẹn wọlé.

Lọ́dún 1957 Lazarus ṣí ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ nǹkan ìṣeré nìkan, ní Rockville, ìpínlẹ̀ Maryland. Bí ọjà oúnjẹ ìgbàlódé ló ṣe tò ó: oníbàárà á ti kẹ̀kẹ́ ẹrù fúnra rẹ̀, á mú ohun tó bá wù ú. R tó wà láàárín orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà, Toys "R" Us, ẹ̀yìn ló kọjú sí, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé ṣe máa ń kọ ọ́. Ó fẹ́ kí orúkọ kúrú kí lẹ́tà rẹ̀ lè tóbi lójú pátákó.

Fetí sí èyí o, nítorí o sọ pé oṣù kejìlá nìkan lo fẹ́ máa tà á. Láyé ìgbà náà, àsìkò Kérésì ni àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá ń kó nǹkan ìṣeré jáde rẹpẹtẹ. Tí ọdún bá ti kọjá, wọ́n á dín in kù. Lazarus tò ó kún àtẹ láti oṣù kìíní títí dé ìparí ọdún. Ọmọ kì í mọ̀ pé Kérésì ti kọjá. Ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ rẹ, ṣebí ọjọ́ ìbí wà lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá, Ọdún Iléyá wà, Children's Day wà lóṣù karùn-ún, àríyá ìparí ọdún ilé ìwé wà lóṣù keje. Lazarus tún kó Pampers sínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń tà á ní owó tí kò lérè nínú, kí ìyá ọmọ lè máa yà síbẹ̀. Ìwọ ti ń ta Pampers! Gbé e sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ nǹkan ìṣeré ni wọ́n á gbà kọjá lọ mú un.

Lazarus tètè fi kọ̀ǹpútà mọ ohun tó ń lọ àti ohun tó dúró. Kì í ra ọjà nítorí pé ó wu òun, ohun tí ìṣirò bá sọ pé ó ń tà ló ń rà kún. Ìwé kékeré tó o máa ń fi há abẹ́ tábìlì ti tó fún ìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kàn ọ́ gan-an ló kù. Lọ́dún 1966, Lazarus ta ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún Interstate Stores, mílíọ̀nù 7.5 dọ́là. Òun ló ṣì ń darí ẹ̀ka nǹkan ìṣeré fún wọn. Ẹ̀ka tirẹ̀ ń jèrè, ṣùgbọ́n Interstate ní àwọn ṣọ́ọ̀bù mìíràn tó ń pàdánù, àwọn ìyẹn ló sì ń fa gbogbo wọn lọ sódò. Ní 1974, gbèsè gbé Interstate dé kóòtù. Wò ó, Àdùkẹ́: ọjà ọkùnrin yìí ń tà wàràwàrà, ìsọ̀ rẹ̀ ń kún, síbẹ̀ ó bá wọn dé kóòtù, nítorí ìwé ti so wọ́n pọ̀. Òun ni wọ́n padà fi ṣe olórí. Ó gé ohun tí kò pa owó wọlé kúrò, ó di nǹkan ìṣeré mú, nígbà tí wọ́n sì bọ́ nínú gbèsè lọ́dún 1978, Toys "R" Us ni gbogbo ilé iṣẹ́ náà ń jẹ́. Ọdún méjìlá gbáko láàárín ìgbà tó tà á àti ìgbà tó tó gbà á padà sọ́wọ́ bó ṣe fẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó kàn ń gòkè ni. Ó dé Kánádà àti Singapore ní 1984, ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ní 1985. Ó wọ Japan ní 1991, níbi tí òfin ti ń dáàbò bo àwọn oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké, àní Ààrẹ George Bush àgbà lọ síbi tí wọ́n ti ṣí ìkejì ní Japan ní oṣù kìíní 1992. Lazarus fi ipò ọ̀gá àgbà sílẹ̀ ní 1994. Nígbà tó fi di 1998, Walmart, ilé ìtajà ńlá mìíràn, ti ń ta nǹkan ìṣeré jù wọ́n lọ ní Amẹ́ríkà.

Lọ́dún 2005, àwọn ilé iṣẹ́ olówó mẹ́ta kan, KKR, Bain Capital àti Vornado, ra ilé iṣẹ́ náà ní bílíọ̀nù 6.6 dọ́là. Owó tí wọ́n fi rà á, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, yíyá ni wọ́n yá a, ọrùn ilé iṣẹ́ náà ni wọ́n sì gbé gbèsè rẹ̀ kọ́. Mo tún un kà kó tó yé mi. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ ra ìsọ̀ rẹ, tó fi ìsọ̀ rẹ yáwó, tó fi owó náà san ọ́, tó wá ní kí ìsọ̀ máa san èlé. Nǹkan bí 400 mílíọ̀nù dọ́là ló ń bá gbèsè lọ lọ́dọọdún. Owó tí wọn ì bá fi kun ilé, tí wọn ì bá fi bá àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì dù ú, ọ̀nà báńkì ló gbà. Ní oṣù kẹsàn-án 2017, bí Kérésì ṣe ń bọ̀, àwọn tó ń kó ọjà fún wọn gbọ́ fìnrínfìnrín pé ọ̀rọ̀ ò dáa, wọ́n ní àwọn ò ta àwìn mọ́, owó lọ́wọ́ ni. Ìwọ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Tí àwọn olówó ọjà rẹ ní Ìdúmọ̀tà bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ lóṣù kẹsàn-án, kí lo fẹ́ tà lóṣù kejìlá? Toys "R" Us gba kóòtù lọ pẹ̀lú gbèsè tó tó bílíọ̀nù 5 dọ́là. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta 2018, wọ́n kéde pé àwọn máa ti gbogbo èyí tó wà ní Amẹ́ríkà pa, nǹkan bí 33,000 òṣìṣẹ́ ló pàdánù iṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, Lazarus kú. Ẹni ọdún 94 ni.

Ẹ̀ka tibí náà ti dé ọwọ́ kóòtù kó tó dìgbà yẹn, gbogbo rẹ̀ sì ti pa kí oṣù kẹrin tó parí. Mo mú Káyọ̀dé lọ sí Old Kent Road nígbà tí wọ́n ń ta ìyókù ọjà kí wọ́n tó kógbá sílé. Àtẹ tó máa ń ga dé òkè àjà ti ṣófo, wọ́n lẹ iye owó mọ́ irin àtẹ pàápàá. Ibi tí àwọn kẹ̀kẹ́ ń wà tẹ́lẹ̀, kò ku nǹkan kan níbẹ̀ àfi àmì táyà lára ilẹ̀. Káyọ̀dé bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tẹ̀lé àmì náà títí tó fi dé ara ògiri. Kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, ta nǹkan ìṣeré. Bẹ̀rẹ̀ lọ́la tó bá ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n má fi ìsọ̀ yẹn dógò. Bi ẹni tó fẹ́ bá ọ dówó pọ̀ pé èló ló máa mú wá látinú àpò ara rẹ̀, orúkọ ta ló máa wà lórí ìwé báńkì. Tó bá jẹ́ orúkọ rẹ nìkan ni, kì í ṣe pé ó ń bá ọ dówó pọ̀ nìyẹn. Owó tí o fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, gbà á nínú àjọ, kí o ra ìwọ̀nba tí àtẹ kan lè gbà, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ èyí tí wọ́n padà wá béèrè.

Má sì jẹ́ kí gbogbo bèbí tó wà níbẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ funfun. Ọkùnrin kan wà l'Ékòó, Taofick Okoya, tó ń wá bèbí dúdú fún ọmọbìnrin kan nínú ẹbí rẹ̀, tí kò rí i rà, ló bá bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́dún 2007, ó pè wọ́n ní Queens of Africa. Nneka, Azeezah àti Wúràọlá lorúkọ wọn. Wúràọlá ni Yorùbá inú wọn. Tóo bá gbé e síwájú àtẹ, ìwọ fúnra rẹ wo ojú ọmọbìnrin tó bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìyá Ṣadé ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ Ẹtì, mo ti di ẹrù kékeré kan fún un. Bàtà Màmá wà níbẹ̀, òògùn ẹsẹ̀ wọn náà wà níbẹ̀. Mo fi mọ́tò pupa méjìlá sí i, irú ti obìnrin yẹn. Tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ Pampers, kí o sì fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn tó rà á bá padà wá.

Èmi ni tìrẹ,
Àbẹ̀kẹ́