Ẹ̀sùn lórí rọ́bà tí ẹ fi sábẹ́ jẹnẹrétọ̀ wa

Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀,
Abẹ́òkúta.

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ onídísẹ̀lì 20 KVA tí ẹ tà fún wa, tí àwọn ọmọṣẹ́ yín sì wá gbé kalẹ̀ sẹ́yìn ògiri wa, ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Mi ò bá ẹ́ńjìn náà jà. Iná rẹ̀ dúró déédéé, kì í sì í mu dísẹ̀lì ní ìmukúmu. Ohun tí ẹ fi sábẹ́ rẹ̀ ni mo ń bá yín fà.

Bí iná ọba bá ti lọ, tí a tan jẹnẹrétọ̀, iṣẹ́ máíkírósíkóòpù parí nìyẹn. Láti wá kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀, ohun tí à ń wò gbọ́dọ̀ di ìlọ́po 1,000. Bí ìgbọ̀nrìrì jẹnẹrétọ̀ bá wá mi tábìlì díẹ̀ báyìí, mímì yẹn náà á di ìlọ́po 1,000 lójú wa. Kòkòrò ibà tó rí bí òrùka tíntìntín, tó yẹ kí n rí nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, á di méjì, á tún di àbàwọ́n. Òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn kẹ́míkà kò fẹ́ dúró lójú kan, nọ́ńbà tó kẹ́yìn lójú rẹ̀ ń sá sókè sá sílẹ̀. Kí iṣẹ́ má baà dúró la ṣe ra jẹnẹrétọ̀. Ní báyìí, àfi ká pa á ká tó lè ka síláìdì.

Ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá ya àwòrán ẹ́ńjìn síìtì mẹ́rin, rọ́bà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin lókè àti nísàlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tiwa, mi ò rí ẹyọ kan. Táyà tírélà ni wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ tì síbẹ̀, wáyà inú rẹ̀ ṣì yọ ṣóńṣó létí. Ẹ pe ajá lọ́bọ fún wa.

Nígbà tí mo pè yín, ọmọṣẹ́ yín ní rọ́bà tó bá le ló ń pẹ́. Kí ló kan pípẹ́ níbẹ̀? Ẹ́ńjìn yìí ń yí nígbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Rọ́bà tí a gbé ẹrù lé náà ní iye ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ń mì, bí ẹrù ṣe tẹ̀ ẹ́ rì tó ló sì ń pinnu iye náà. Bó bá rì tó mìlímítà 4, yóò máa mì ní nǹkan bí ìgbà 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí jìnnà sí 25, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìn ni yóò sì dé ilẹ̀. Bí kò bá rì ju mìlímítà 0.4 lọ, òun náà á máa mì ní nǹkan bí ìgbà 25. Òun àti ẹ́ńjìn pàdé nìyẹn. Dípò kó gba ìgbọ̀nrìrì mọ́ra, ṣe ni yóò máa bù kún un. Mẹkáníìkì wa fi jáàkì gbé etí jẹnẹrétọ̀ sókè, a wọn táyà yín kí ẹrù tó bà lé e, a tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó ìdajì mìlímítà.

Ọmọṣẹ́ yín tún wá, ó kàn ń fún bóòtù le sí i ni. Bóòtù ọ̀hún gba inú táyà kọjá wọ kọnkéré, nọ́ọ̀tù rẹ̀ sì jókòó sórí irin jẹnẹrétọ̀ gan-an. Rọ́bà tó dára jù láyé kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, torí irin ti ríbi gbà kọjá lọ bá ilẹ̀.

Ọ̀pá sílẹ́ńsà ńkọ́? Ẹ fi síméńtì dì í mọ́ ògiri, kò sí èyí tó ń tẹ̀ láàárín rẹ̀. Ó ti sán níbi tó ti so mọ́ ẹ́ńjìn, èéfín sì ń wọlé bá àwọn aláìsàn tó jókòó. Èyí kò ṣeé fi falẹ̀ rárá.

Ẹ gbé ẹ́ńjìn síìtì gidi wá, kí ẹ ṣa ti igun kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ẹrù tó wà níbẹ̀, torí apá ẹ́ńjìn wúwo ju apá tó ń mú iná jáde lọ. Kó jẹ́ irú tí dísẹ̀lì kì í bà jẹ́. Rọ́bà lásán máa ń wú bí dísẹ̀lì bá ń kán sí i. Ẹ pààrọ̀ ọ̀pá sílẹ́ńsà sí èyí tó ń tẹ̀. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ wá da kọnkéré tó nípọn sí i. Ẹ má bá mi gbé síméńtì wá o, kọnkéré kò lè rọ́pò síìtì.

A san owó ìgbékalẹ̀ pé, ó wà nínú rìsíìtì, a kò sì ní san kọ́bọ̀ lórí àtúnṣe yìí. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí a kò rí yín, ẹ̀dà lẹ́tà yìí àti fọ́tò táyà náà yóò lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà. Ẹ pè wá kí ẹ tó wá, ẹ má sì fi í sí àárọ̀ Mọ́ńdè, èrò máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà náà.

Èmi ni,
Olùdarí yàrá àyẹ̀wò.