Lẹ́tà sí àbúrò mi tí wọ́n pín sí Ìkòròdú fún iṣẹ́ míṣọ́nárì

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

O kú oríire ìpè. A gbọ́ pé o ti parí ní ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn míṣọ́nárì Ìjọ wa, Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn, ní Gánà, àti pé Ìkòròdú ni wọ́n kọ́kọ́ pín ẹ sí. Wọ́n ti kọ́ ẹ bí a ṣe ń fi Ìwé ti Mọ́mọ́nì kọ́ni àti bí a ṣe ń pe ènìyàn wá sí ìrìbọmi, n kò ní tún ìyẹn sọ. Ọ̀rọ̀ ẹnìkejì rẹ ni mo fẹ́ bá ẹ sọ, ìyẹn kọmpáníọ̀nù tí wọn yóò fi sínú ilé kan náà pẹ̀lú ẹ, tí o kò yàn, tí òun náà kò yàn ọ́. Lójú tèmi, òun ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Olúwa gbé lé ẹ lọ́wọ́ ní Ìkòròdú, kí o tó kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni.

Jésù kò rán àwọn àádọ́rin ọmọ ẹ̀yìn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lúùkù orí 10 sọ pé méjì méjì ló rán wọn. Nígbà tí àwọn míṣọ́nárì Ìjọ wa kọ́kọ́ dé Nàìjíríà ní oṣù kọkànlá ọdún 1978, tọkọtaya méjì ni wọ́n, ìdílé Mabey àti ìdílé Cannon. Òfin tìẹ náà kò yàtọ̀: kí o máa rí ẹnìkejì rẹ, kí o máa gbọ́ ohùn rẹ̀, àfi tí ẹnì kan bá wọ ilé ìwẹ̀ tàbí tí ààrẹ míṣọ̀n, ìyẹn ẹni tó ń darí gbogbo míṣọ́nárì agbègbè yín, bá ń bá ọ̀kan nínú yín sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n lè ṣí yín nípò padà ní bí ọ̀sẹ̀ 6 sí ara wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó máa kọ́ ẹ níṣẹ́ sábà máa ń wà pẹ̀lú ẹ fún ọ̀sẹ̀ 12.

Omi ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Aago 6:30 àárọ̀ ni ẹ ó máa jí, aago 10:30 alẹ́ ni ẹ ó máa sùn. Ìjà òwúrọ̀ kì í sábà jẹ́ ìjà ẹ̀kọ́, omi ló ń fà á. Tí kò bá síná, ẹ̀rọ kò ní fa omi, tí táǹkì bá sì gbẹ, ẹni tó kọ́kọ́ wẹ̀ ti lò ó tán nìyẹn. Ẹ máa pọn omi sílẹ̀ lálẹ́: garawa kan fún ìwẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kẹ́ẹ̀gì kan fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kẹ́ẹ̀gì kan fún ìdáná. Omi mímu wà lọ́tọ̀, kí ó hó yaya fún odidi ìṣẹ́jú kan, kí ẹ dé e títí á fi tutù. Ẹ máa gba ìwẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe láàárín ara yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló gùn jù. Owó tí míṣọ̀n ń fún yín lóṣooṣù, ti kálukú dá wà. Tí ẹ bá ń dáná lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, owó á tán kí oṣù tó parí, nítorí gáàsì ọ̀tọ̀, epo ọ̀tọ̀, ata ọ̀tọ̀ ni ẹ ó máa rà. Tí ẹ bá sì da gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹni tó ń jẹun púpọ̀ àti ẹni tí kì í jẹun púpọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wo abọ́ ara wọn. Ohun tó dára jù ni kí ẹ jọ dá owó gáàsì, ìrẹsì, ẹ̀wà, gáàrì, epo, ata àti iyọ̀, kí kálukú wá fi owó tirẹ̀ ra mílíìkì, bisikíìtì àti ohun tí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́. Ẹ ní ìwé kékeré kan tí ẹ ń kọ ọ́ sí. Bí owó ẹnìkejì rẹ bá tán kí oṣù tó parí, fún un jẹ, má sọ ọ́ di gbèsè.

Ọjọ́ ìmúrasílẹ̀, tí ẹ̀yin ń pè ní P-day, ni ẹ ó lọ sọ́jà ní Sábó, ẹ ó wá se ọbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin. Ọbẹ̀ yìí ni ó máa ń kan, ẹ kò sì lè gbẹ́kẹ̀ lé fíríìjì. Ohun mẹ́ta ló ń mú un kan. Àkọ́kọ́ ni omi ata tí kò gbẹ, nítorí náà ẹ din ata náà títí epo á fi léfòó. Èkejì ni ṣíbí tí ẹnì kan ti fi kan ẹnu tó tún kì bọ ìkòkò, nítorí náà ìgbakọ kan ṣoṣo ni kí ẹ máa fi bù ú. Ẹ̀kẹta ni ìdérí tí wọ́n dé pa nígbà tí ọbẹ̀ ṣì gbóná: oru rẹ̀ á di omi lára ìdérí, á máa kán padà sínú ọbẹ̀. Ẹ máa gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ kí ó hó dáadáa, kí ẹ má rò ó mọ́ tí ẹ bá ti sọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi ààyè sílẹ̀ fún oru títí á fi tutù. Ẹni tó bá gbàgbé ọbẹ̀ lálẹ́ kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ìbáwí lárààárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ da ọbẹ̀ nù, ẹ fọ ìkòkò, ọ̀rọ̀ tán.

Àwọn ìyá nínú ìjọ máa pè yín wá jẹun, wọ́n sì lè gbé ìkọ́kọrẹ́ síwájú yín. Sọ fún ẹnìkejì rẹ kí ẹ tó dé ibẹ̀ pé ewùrà tí wọ́n rin ni, pẹ̀lú ẹja, ata àti epo pupa, pé ó máa ń rọ̀ lẹ́nu. Bí kò bá dá a lójú, kí ó ní kí wọ́n bu díẹ̀ fún òun. Abọ́ tó ṣẹ́ kù dun ẹni tó se é ju kí àlejò ní ẹ má bù ú pọ̀ lọ. Bí wọ́n bá ní ẹ wá mu tíì, ẹ béèrè ohun tó wà nínú agolo tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀: ẹ lè mu Milo, Lipton ni ẹ kò lè mu, nítorí òfin Ìjọ wa kò gba ewé tíì láyè.

Èyí tó wá ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ èdè. Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkejì rẹ wá láti Àkwà Ìbọm, láti Gánà tàbí Amẹ́ríkà, kí ó má gbọ́ Yorùbá rárá. Ìyá àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní Ìgbógbó tàbí Ìjẹdẹ máa bá ẹ sọ Yorùbá, kò sì ní í wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹnìkejì rẹ wà mọ́. Kí ìṣẹ́jú 10 tó pé, ìwọ nìkan ni ò ń kọ́ni, òun ti di ère tí wọ́n so táì mọ́ lọ́rùn. Kò sí ohun tó ń ba àárín míṣọ́nárì méjì jẹ́ tó èyí, nítorí kò sí ẹni tó ṣẹ ẹnì kan, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn kò sì rí ohun tó lè tọ́ka sí.

Ẹ yanjú rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ pín ẹ̀kọ́ náà: apá tirẹ̀ rèé, apá tìẹ rèé. Tí ó bá kàn án, kí ó sọ gbólóhùn kan tàbí méjì, kí ó dúró, kí ìwọ túmọ̀ ohun tí ó sọ láìfi tìẹ kún un. Bí ó bá jẹ́rìí pé òun mọ̀ pé Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà, ìwọ náà sọ ọ́ bíi pé ẹnu rẹ̀ ni: “Mo mọ̀ pé Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà.” Má sọ pé “Ó ní òun mọ̀.” Nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀, òun ni kí o máa wò. Ibi tí ojú rẹ bá wà ni ìyá àgbà náà máa wò. Bí wọ́n bá béèrè ìbéèrè, túmọ̀ rẹ̀ fún un kí o tó dáhùn, kódà bí o bá mọ ìdáhùn. Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn gígùn, fi gbólóhùn kan sọ kókó rẹ̀ sí i létí: wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọmọ wọn tó kú. Kò yẹ kí ó máa rẹ́rìn-ín músẹ́ níbi tí wọ́n ti ń nu omijé.

Kọ́ ọ ní ìkíni kí o tó kọ́ ọ ní ohunkóhun mìíràn. Ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, ẹ kúùrọ̀lẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ọjà, àgò o. Kí ó máa fi “ẹ” bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀ títí á fi mọ ẹni tó lè pè ní “o”. Kí ó má fi ọwọ́ òsì gba nǹkan, kí ó má fi í fúnni. Wọ́n kọ́ yín láti máa bọ ènìyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe kọ́kọ́ na ọwọ́ sí àgbàlagbà níbí. Kí ó tẹrí ba, kí ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, bí bàbá bá wá na ọwọ́, kí ó fi méjèèjì gbà á. Ìkíni yìí nìkan lè mú kí wọ́n fún yín ní àga.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀. O lè jẹ́ ọmọ ọdún 22, kí ẹni tó jẹ́ aṣáájú láàárín yín jẹ́ ọmọ 19. Nílé wa, ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé kò ní rọrùn fún ẹ. Àmọ́ nínú iṣẹ́ yìí, òun ni ààrẹ míṣọ̀n máa béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí o bá rò pé ọ̀nà tí ó mú kò dára, sọ ọ́ fún un nílé, má sọ ọ́ níwájú ẹni tí ẹ ń kọ́, má sì lọ sọ ọ́ fún ọmọ ìjọ kankan. Ọ̀rọ̀ tó bá dé ilé ọmọ ìjọ kan ní ọ̀sán Sunday ti kárí ìjọ kó tó di alẹ́.

Ní ti ọ̀nà, ẹ má wọ ọkọ̀ méjì. Bí àyè kan ṣoṣo bá kù nínú kòròpé tàbí kẹ̀kẹ́, ẹ dúró de òmíràn. Ẹ máa mú ṣéńjì dání. Lásìkò òjò, ẹ fi ọ̀rá di ìwé àti fóònù, kí ẹ sì mú sálúbàtà dání fún ẹrẹ̀ àdúgbò. Bí wọ́n bá kéde ọjọ́ Orò, ó kan àwọn arábìnrin míṣọ́nárì tó wà ní agbègbè yín, nítorí obìnrin kì í jáde lọ́jọ́ náà, àlejò tàbí onílé. Ẹ bi wọ́n ṣáájú bóyá oúnjẹ àti omi wà nílé wọn.

Bí àìsàn bá mú ọ̀kan, ẹni méjì ló jókòó sílé. Ní ọjọ́ kejì, ẹni tí ara rẹ̀ le á bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé òun ń fi àkókò ṣòfò. Kì í ṣe òfò. Ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tó ń bójú tó ìlera ní míṣọ̀n, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé oògùn ibà mì, ẹ má jẹ́ kí kẹ́míìsì po oògùn pọ̀ fún yín. Bí ó bá jẹ́ oògùn artemether àti lumefantrine ni wọ́n fún un, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni yóò lò ó láàárín ọjọ́ mẹ́ta: èkejì wákàtí 8 lẹ́yìn àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà àárọ̀ àti alẹ́. Ìwọ ni kó o máa ka aago fún un. Kí ó lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tó ní ọ̀rá, bíi ògì tí wọ́n da mílíìkì sí pẹ̀lú àkàrà, nítorí láìsí ọ̀rá, oògùn náà kì í wọ ara dáadáa. Ara rẹ̀ lè balẹ̀ ní ọjọ́ kejì, kò gbọ́dọ̀ torí ìyẹn dá a dúró. Bí ó bá ń bì gbogbo ohun tí ó gbé mì, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń ṣe ségesège tàbí tí gìrì bá gbé e, ilé ìwòsàn ni, ní wéré, lóru tàbí lọ́sàn-án.

Àárò ilé náà jẹ́ àìsàn. Ẹni tó ń ṣe kì í sọ. O máa rí i pé kò jẹun tán, ó ń pẹ́ nílé ìwẹ̀, ó ń sùn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá jókòó. Má wàásù fún un. Gbé iṣu fún un kí ó bó, kí ìwọ máa gé e, ọ̀rọ̀ á jáde. Láti oṣù kejì ọdún 2019 ni wọ́n ti gbà yín láyè láti máa pe ilé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí náà ẹ ra dátà kí P-day tó dé. Tí ó bá ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, jókòó níbi tí o ti lè rí i, ṣùgbọ́n má tẹ́tí sí i. Ṣọ́ ẹni tí wọn kì í pè láti ilé, pàápàá bó bá jẹ́ òun nìkan ni ó ṣe ìrìbọmi nínú ìdílé wọn.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣètò ọ̀sẹ̀ tán, ẹ ó jókòó yẹ àárín ara yín wò. Ẹ má fi í sí alẹ́, ẹ má fi ebi ṣe é, ẹ má sì ṣe é ní ọjọ́ ààwẹ̀. Ẹ gbàdúrà. Kálukú kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹnìkejì ṣe dáadáa lọ́sẹ̀ náà, ohun pàtó ni o: “O dúró tì mí nígbà tí bàbá yẹn bínú sí mi.” Lẹ́yìn náà, kí kálukú sọ ohun kan tó dùn ún, ohun kan ṣoṣo, kí ó sì sọ ohun tí ó fẹ́ dípò rẹ̀. Bí o bá kó ẹjọ́ oṣù kan jọ dà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò ní gbọ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tí nǹkan kò yí padà, ẹ pe olórí agbègbè yín. Ìyẹn kì í ṣe òfófó.

Tí ìpè ìṣípòpadà bá dé, fọ ẹ̀wù funfun rẹ lọ́jọ́ méjì ṣáájú. Ọṣẹ lílé ni kí o fi ra ọrùn àti abíyá rẹ̀, má da bílíìṣì sí i, nítorí òógùn tó wà lára aṣọ á pọ́n rúsúrúsú. Má sì lọ̀ ọ́ tí àbààwọ́n kò bá tíì kúrò, iná áyọ́ọ̀nù ń mú un wọra ni. Kí o tó gbé àpótí, kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ wá rọ́pò rẹ: ilé ẹni tí ẹ ń kọ́, ibi tí ẹ̀kọ́ dé, àkókò tí wọ́n ń wà nílé. Lẹ́yìn náà, kọ ohun tí ẹnìkejì rẹ kì í jẹ, oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀, àti orúkọ ìyá rẹ̀.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ.