Àyìnkẹ́, mo ti gbé tábìlì epo wa kúrò lẹ́nu ọ̀nà

Ouando, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)
Ọjọ́ Àìkú

Àyìnkẹ́ mi,

Salamu alaikun. Ṣé ara le ní Libreville? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Báṣírù ní kí n má gbàgbé láti sọ fún ọ pé òun ti gun ọkọ̀ panápaná, òun sì ti dé fìlà irin wọn. Fìlà náà bò ó dé èjìká, ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò ṣí i.

Àná ni àwọn panápaná ṣe àjọ̀dún àgọ́ wọn, wọ́n ní kí gbogbo àdúgbò wá. O mọ èmi àti àwọn pọ́ńpíyè, àwọn panápaná wa. Ṣójà ni wọ́n, ẹni tó bá sì ń ta kpayo, epo pẹtiróòlù fàyàwọ́ láti Nàìjíríà, kì í fẹ́ kí ṣójà mọ ojú òun. Ẹkún ni Báṣírù fi fà mí lọ. A débẹ̀, àfi bíi pé ilé ìgbéyàwó ni a yà sí: ìlù, aṣọ ẹgbẹ́, àmíwọ̀ àti adìyẹ díndín. Zangbeto, eégún oníko yẹn, náà jáde, ó ń pòyì bí òkòtó. Bó ṣe jó sún mọ́ ibi tí wọ́n fẹ́ dáná sí báyìí, ọ̀gá panápaná kan sáré dí i lọ́nà, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń da adìyẹ. Ìko gbígbẹ àti iná! A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ọ̀gá yẹn ń sọ Yorùbá bí ọmọ Kétu. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni ọ̀rọ̀ ṣójà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1810, wọ́n ń ṣe àríyá ìgbéyàwó Napoleon, ọba wọn, ní Paris, iná sọ nínú gbọ̀ngàn ijó, ó pa èèyàn. Nígbà tó di 1811, Napoleon gbé iṣẹ́ iná pípa fún ṣójà. Ìwọ náà wò ó, inú àríyá ni wọ́n ti bí wọn.

Wọ́n wá gbé òróró kaná títí ó fi gbiná fúnra rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn so ife omi mọ́ ọ̀pá gígùn, ó dà á sí i. Àyìnkẹ́, iná fò sókè, gbogbo wa tú ká! Ó ní omi á rì sísàlẹ̀, á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì gbọn òróró oníná dà sókè. Aṣọ tí wọ́n rẹ sómi tí wọ́n sì fún ni wọ́n fi bò ó, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń da aṣọ bo ọmọ tó sùn. Iná kú. Mo rántí garawa omi tí èmi àti ìwọ máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada àkàrà “nítorí iná”.

Ó ní ká máa tètè pe 118, ká sì dárúkọ mọ́ṣáláṣí tàbí ilé ìwé tó wà nítòsí, torí ọ̀nà tóóró ìdí ilé wa kò gba ọkọ̀ wọn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi fa rọ́bà omi wọlé.

Ibi tó gún mi lọ́kàn nìyí. Ó gbé ìgò kan sókè, irú ìgò tiwa gan-an, onílítà kan. Ó ní kì í ṣe epo inú rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbiná, èéfín tí a kò rí tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ni. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń fà bí ejò, títí dé ìdí ààrò ẹni tí kò mọ̀ pé epo wà nítòsí. Lẹ́yìn náà ó dárúkọ Sèmè-Kraké, ní ẹnu ibodè Nàìjíríà, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. 23 Oṣù Kẹsàn-án 2023. Àpò epo ni wọ́n ń já lọ́wọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kadà tò síbẹ̀ láti rà, iná sọ. Àwọn tó kú lé ní 30. Ìwọ lo kọ́kọ́ pè mí lọ́jọ́ yẹn láti mọ̀ bóyá mo wà láyé. Mo ní kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ ni epo tí mò ń tà lọ́sẹ̀ yẹn gbà wá. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Láàárọ̀ yìí mo gbé tábìlì náà kúrò. Má rò pé mo di ẹni mímọ́ mọ́jú o. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, èrè rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́. Bó bá ṣì pọ̀ bíi ti ayé ọjọ́un, bóyá ǹ bá ṣì máa wá àwáwí. Zém kan, ọlọ́kadà, ti dúró lẹ́ẹ̀mejì, ó ń bèèrè pé, “Ìyá, epo dà?” Àkàrà ni mo nà sí i. Ó rà á, àmọ́ ó ń kùn lọ.

Ó ku bọ́ńbọ́nù mẹ́ta, àwọn ìgò ńlá tí a fi ń gbé epo, tí o fi sílẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta epo pupa ní Adjarra fẹ́ rà wọ́n, ó ní òun á fi eérú fọ̀ wọ́n títí òórùn náà á fi lọ. Ṣé kí n tà wọ́n, àbí kí n gbé wọn pamọ́ dè ọ́? Tètè fèsì, ọjọ́bọ̀ ló ń padà bọ̀.

Èmi ni,
Ìyá Báṣírù