Àwa Ọmọ Ọ̀mùtí Tí A Ti Dàgbà

Sí Olóòtú,

Mo ń kọ̀wé nítorí àwa tí òbí wa jẹ́ ọ̀mùtí, tí a ti dàgbà, tí a ti kúrò nílé, síbẹ̀ tí àyà wa ṣì máa ń já bí a bá gbọ́ kọ́kọ́rọ́ tó ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n lẹ́nu ilẹ̀kùn lóru. Ẹbí a máa ní ká bo àṣírí, ìbòmọ́lẹ̀ yẹn gan-an ló sì ń pa wá lára jù. Àìsàn ni ọtí tó ti di bárakú. Ọmọ kọ́ ló fà á, ọmọ kò sì lè wò ó sàn. Láti ọdún 1951 ni ẹgbẹ́ Al-Anon ti ń kó ẹbí àwọn ọ̀mùtí jọ kí wọ́n lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ bọ̀wọ̀ fún òbí yín, ṣùgbọ́n ẹ má san gbèsè ọtí wọn, ẹ má sì bá wọn purọ́ fún ọ̀gá wọn.

Èmi ni òǹkàwé yín