Orúkọ àwọn olórin arìnrìn-òru

Sí Olóòtú wa,

Òkun o, bí àwa ará ìwọ̀-oòrùn Kogí ṣe ń kí ara wa. Mo ka ìtàn àwọn ẹgbẹ́ háíláìfù ayé àtijọ́ tí ẹ gbé jáde. Bobby Benson wà níbẹ̀, Victor Ọláìyá wà níbẹ̀, Roy Chicago náà kò gbẹ́yìn. Mo kà á tán, mo tún un kà, inú mi sì dùn. Àmọ́ ìtàn náà kò kọjá Èkó àti Ìbàdàn. Àwa náà ní ẹgbẹ́ olórin ní Kàbbà, ní Mópà, ní Ìsánlú àti ní Ẹ̀gbẹ̀. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí fun tìrọ́ńpẹ́ẹ̀tì nínú ọ̀kan nínú wọn láti 1971 títí di 1979.

Ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ mí lọ́kàn láti 2023. Ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Dublin, ní orílẹ̀-èdè Írẹ́lándì, ló ní kí n wá kí àwọn ọmọ-ọmọ mi. Ní ọ̀sán Sátidé kan, a ń gba Parnell Square kọjá, mo rí ère ìrántí kan tí wọ́n kọ orúkọ èèyàn mẹ́ta sí: Fran O'Toole, Tony Geraghty, Brian McCoy. Mo bi ọmọ mi pé ṣé ológun ni wọ́n. Ó yẹ fóònù rẹ̀ wò, ó ní, "Rárá o, Bàbá, olórin ni wọ́n. Ẹni tó kẹ́yìn yìí, fèrè bíi tiyín ló ń fun." Mo dúró níbẹ̀ pẹ́ títí, tó fi rò pé ó ti rẹ̀ mí.

Ẹgbẹ́ wọn ni Miami Showband. Showband ni wọ́n ń pe irú ẹgbẹ́ tó gbòde ní Írẹ́lándì láti bí 1955 títí wọ àwọn ọdún 1970. Èèyàn méje tàbí mẹ́jọ ni, nínú kóòtù aláwọ̀ kan náà, tàwọn ti fèrè àti jìtá. Ṣáájú wọn, ńṣe ni àwọn olórin máa ń jókòó sẹ́yìn ìwé orin. Clipper Carlton, láti ìlú Strabane, ló kó àga kúrò nílẹ̀ tí wọ́n dìde, tí wọ́n ń ṣeré bí wọ́n ṣe ń kọrin. Gbogbo orin tí rédíò bá gbé jáde ni wọ́n ń lù. Royal Showband ti Waterford lókìkí débi pé, ní 1962, àwọn Beatles ló kọ́kọ́ ṣeré kí àwọn Royal tó bọ́ sórí ìtàgé ní Liverpool. Nínú gbọ̀ngàn ijó, ọkùnrin á dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, obìnrin á dúró sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọn kì í ta ọtí níbẹ̀, tíì àti mínírà ni. Àní mínírà ni àwọn náà ń pè é! Tó bá sì di àkókò Lẹ́ńtì, wọ́n á ti gbọ̀ngàn, àwọn ẹgbẹ́ á kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ wá òde. Nígbà tí ọmọ mi kà á dé ibẹ̀, mo pàtẹ́wọ́. Nílé níbí náà, kò sẹ́ni tó ń pe ẹgbẹ́ wa sóde ní Lẹ́ńtì. Oko ni kálukú ń gbà lọ títí di Àjíǹde.

Ọdún 1962 ni Miami bẹ̀rẹ̀ ní Dublin. Dickie Rock, tó kú ní 2024, ló sọ wọ́n di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Òun ló lọ kọrin fún Írẹ́lándì níbi ìdíje Eurovision ọdún 1966, ó sì wà lára àwọn méjì tó jọ ṣe ipò kẹrin. Nígbà tí yóò fi di 1975, Fran O'Toole ni olórí akọrin. Mẹ́fà ni wọ́n: àwọn kan láti Àríwá Írẹ́lándì, àwọn kan láti gúúsù, ọmọ ìjọ Àgùdà àti Pùròtẹ́sítáǹtì. Lákòókò tí àwọn èèyàn ibẹ̀ ń pa ara wọn lórí ọ̀rọ̀ ìjọ àti ìjọba, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni àwọn wọ̀nyí jọ ń wọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ 30, oṣù Keje, 1975, wọ́n ṣeré ní Banbridge. Ray Millar tó ń lùlù yà sílé àwọn òbí rẹ̀ ní Antrim. Àwọn márùn-ún yòókù forí lé Dublin, Brian McCoy ló ń wa ọkọ̀. Aago méjì òru ọjọ́ 31 ti lọ nígbà tí àwọn tó wọṣọ ṣọ́jà dá wọn dúró ní Buskhill, lẹ́bàá Newry. Wọ́n ní kí wọ́n sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n kọjú sí kòtò, kí wọ́n sọ orúkọ àti àdírẹ́sì. Ẹ̀rù kò bà wọ́n, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí irú rẹ̀. Stephen Travers, tó ń ta jìtá béèsì, sọ lẹ́yìn náà pé Brian fi òun lọ́kàn balẹ̀ pé ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n.

Irọ́ ni. Ẹgbẹ́ apànìyàn UVF ni, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tó fẹ́ kí Àríwá Írẹ́lándì máa wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tàwọn ti àwọn kan tó jẹ́ ṣọ́jà ní tòótọ́. Àwọn méjì nínú wọn ń ki bọ́ǹbù sábẹ́ ìjókòó awakọ̀, kó lè bú lọ́nà, kí ayé lè sọ pé àwọn olórin ló ń kó bọ́ǹbù kiri. Ó bú mọ́ wọn lọ́wọ́, ó pa àwọn méjèèjì. Ni àwọn tó kù bá yìnbọn sáwọn olórin. Fran, Tony àti Brian kú. Stephen fara gbọta, ó sùn sílẹ̀ bí òkú, òun àti Des Lee tó ń fun sásófóònù ló yè é.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ méjì ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n gbàjọba lọ́wọ́ Gowon nílẹ̀ wa, tí Murtala dórí àléfà. Ṣọ́jà wà lójú ọ̀nà tiwa náà. Lóṣù Kẹjọ ọdún náà, a ń bọ̀ láti òde ìgbéyàwó kan ní Ìsánlú, òru ti jìn. Wọ́n dá wa dúró nígbà tí a ń sún mọ́ Ìyàrà. Wọ́n tò wá sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ọ̀kan tan tọ́ọ̀ṣì sí àpótí mi, ó ní kí ló wà nínú ẹ̀. Mo ní fèrè ni. Ó ní, "Fun ún ká gbọ́." Ètè mi ti wú láti ìrọ̀lẹ́, ó ti gbẹ bí èèpo iṣu. Mo fi omi ẹnu ra á, mo da itọ́ tó kù nínú fèrè dànù, mo fun orin ìsìn kan tí ìyá mi fẹ́ràn. Ìlà kejì ni ṣọ́jà náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi kọ ọ́. Ó ní ká máa lọ. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tí mo rí láàárín èmi àti Brian McCoy ni irú èèyàn tó dá kálukú wa dúró.

Ó gba ọdún 32 kí ère yẹn tó dúró ní Dublin, ní oṣù Kejìlá 2007. Ní 2021, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ọlọ́pàá Àríwá Írẹ́lándì gbà láti san owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀ pọ́n-ùn fún àwọn tó yè àti àwọn ẹbí. Owó kò jí òkú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọjá ní Parnell Square á ka orúkọ wọn.

Àwa mẹ́fà náà la wà nínú ẹgbẹ́ wa. Mẹ́rin ti lọ. Onílù wa, ọmọ Mópà, kú lọ́dún tó kọjá. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, wọ́n ka ìtàn ayé rẹ̀: ilé ìwé tó lọ, ibi tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba, oyè tó jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn kò dárúkọ ìlù, àfi bí ẹni pé kò fọwọ́ kan igi ìlù rí. Ọkùnrin tó mú kí gbogbo Yàgbà jó! Omi bọ́ lójú mi, kì í ṣe torí ikú rẹ̀ nìkan.

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ fún wa ní ìdajì ojú ewé lọ́sẹ̀. Kí àwọn ará ìlú kéékèèké máa kọ orúkọ àwọn olórin wọn wá, ẹni tó lùlù, ẹni tó ta jìtá, ẹni tó wa ọkọ̀, kí àwa tó ṣẹ́kù tó tẹ̀ lé wọn. Mo ti bẹ̀rẹ̀: mo fi fọ́tò kan sínú àpò ìwé yìí. Ọdún 1974 la yà á. Orúkọ ẹgbẹ́ wa hàn lára ìlù ńlá tó wà níwájú, mo sì kọ orúkọ àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sẹ́yìn rẹ̀, látọwọ́ òsì sí ọ̀tún. Èmi ni mo di fèrè mú sáyà. Ẹ jọ̀wọ́, tí ẹ bá ti lò ó tán, ẹ bá mi dá a padà. Kò sí òmíràn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Afunfèrè àtijọ́,
Kàbbà, ìpínlẹ̀ Kogí